Ta Ló Ń Ka WhatsApp Wa?

Ó ṣòro kí ọdún kan lọ kí àtẹ̀jíṣẹ́ kan báyìí má tún jí dìde nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp wa. Ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé, kó tó kan ti ìjọ, kó tó wá kan ti àwọn tí a jọ jáde ilé ìwé. Ó ní láti ọ̀la lọ, òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀: ìjọba á máa gba gbogbo ìpè sílẹ̀, wọ́n á sì máa ka gbogbo ohun tí a bá tẹ̀. Ó ní bí àmì tó ń hàn lára iṣẹ́ tí a rán bá jẹ́ méjì aláwọ̀ búlúù, ewu kò sí, ṣùgbọ́n bó bá fi lè di mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn pupa, kí olúwarẹ̀ tètè wá lọ́yà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ẹ̀bẹ̀ wà: ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn. Àwọn ìyá wa àti bàbá wa a sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Irọ́ ni. WhatsApp kò ní àmì mẹ́ta, kò sì ní pupa. Wọ́n ń pín in ní Íńdíà náà bí a ṣe ń pín in níbí. Orúkọ ìjọba inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fèsì pé “Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí nǹkan kan” náà kò tíì sọ òótọ́ tán. Ọ̀rọ̀ tí a kọ wà lábẹ́ ààbò tó le gan-an. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà ká kò sí lábẹ́ ààbò yẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa sì ti ń jò kì í sábà jẹ́ ibi tí à ń wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Ìbàdàn tó ń kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní London: “Àkànní, wọ́n ti ń béèrè owó ilé ìwé àbúrò rẹ o.” Lọ́jọ́ tí Àkànní kọ́kọ́ fi WhatsApp sórí fóònù rẹ̀, fóònù náà ṣẹ̀dá nọ́ńbà méjì tó gùn gbọọrọ, tí ìṣirò so pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí WhatsApp pé kí wọ́n máa fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí òun. Èkejì kì í kúrò nínú fóònù rẹ̀. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ wé àgádágodo tí wọ́n ṣí sílẹ̀: ẹnikẹ́ni ló lè fi ti àpótí pa, yóò kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ Àkànní nìkan ló sì wà. Kí ọ̀rọ̀ màmá tó kúrò ní Ìbàdàn, fóònù wọn ti tì í pa. Lóòótọ́, ìṣirò náà jinlẹ̀ ju báyìí lọ, torí wọ́n ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ bí iṣẹ́ kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá rí ọ̀kan jí kò ní fi ṣí ìyókù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mọ ti àgádágodo yẹn, ẹ ti mọ èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Ohun tó wá gba orí òpó MTN tàbí Airtel kọjá, tó dé inú kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ WhatsApp, kì í ṣe Yorùbá mọ́. Jágbajàgba nọ́ńbà lásán ni. Bí fóònù Àkànní bá wà ní pípa, wọ́n lè gbé e pamọ́ bẹ́ẹ̀ ní títì fún ọgbọ̀n ọjọ́, bí kò bá sì tíì wá gbà á, wọ́n á pa á rẹ́. Bí ó bá tan fóònù, jágbajàgba yẹn ló máa wọlé, inú fóònù rẹ̀ ló ti máa padà di ohùn ìyá rẹ̀. Fọ́tò, ohùn tí a gbà sílẹ̀, ìpè, ìpè tí a ti ń rí ojú ara wa, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà.

WhatsApp kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí dá. Ní 1976 ni Whitfield Diffie àti Martin Hellman fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ènìyàn méjì tí kò pàdé rí lè ní àṣírí láàárín ara wọn, bí gbogbo ayé tiẹ̀ ń gbọ́ wọn. Àwọn tó ṣe Signal, ètò mìíràn tí a fi ń ránṣẹ́ lórí fóònù, ló wá sọ ọ́ di ohun tí fóònù lè máa lò láìsí wàhálà, WhatsApp gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì parí iṣẹ́ náà ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Jan Koum, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá WhatsApp sílẹ̀ ní 2009, ìlú Ukraine ló ti ṣe kékeré, lábẹ́ ìjọba Soviet. Ó sọ ọ́ ní 2016 pé wíwà níbi tí ènìyàn kò ti lè sọ̀rọ̀ fàlàlà wà lára ohun tó gbé ẹbí òun lọ sí Amẹ́ríkà.

Ibì kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí á ní, “Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, jẹ́ n fi láìnì pè ọ́.” Ìpè orí láìnì àti SMS gan-an ni kò ní irú àgádágodo yẹn! Ilé iṣẹ́ tó ni síìmù wà láàárín, ó sì lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, tilẹ̀ ti gbé òfin kalẹ̀ ní 2019 lórí bí àwọn agbófinró ṣe lè béèrè pé kí wọ́n gbọ́ ìpè ẹnìkan, àṣẹ ilé ẹjọ́ sì ni wọ́n sábà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Telegram náà ńkọ́, tí ọ̀pọ̀ ń sá lọ síbẹ̀ nítorí àṣírí? Nínú ọ̀rọ̀ tí a ń kọ níbẹ̀, “Secret Chat” nìkan ló ní irú ààbò yìí. Ìjíròrò lásán àti àwọn ẹgbẹ́ orí Telegram kò ní i.

Kí wá ni WhatsApp mọ̀ nípa wa, bí kò bá lè ka ọ̀rọ̀ wa? Ó pọ̀. Wọ́n mọ nọ́ńbà yín, irú fóònù tí ẹ ń lò, agbègbè tí íntánẹ́ẹ̀tì yín ti ń wọlé, ẹgbẹ́ tí ẹ wà àti orúkọ tí ẹ sọ ọ́, ìgbà tí ẹ wọlé kẹ́yìn, àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù yín bí ẹ bá ti tẹ “Allow” nígbà tí wọ́n béèrè. Wọ́n wà nípò láti mọ ẹni tí ẹ kọ̀wé sí àti ìgbà tí ẹ kọ ọ́. Kò jọ nǹkan kan, àbí? Ẹ rò ó wò: obìnrin kan bá ilé ìwòsàn àwọn aláboyún sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko lọ́sàn-án, ó wá bá lọ́yà sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ẹ ò gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹ sì ti mọ ìtàn náà dé àyè kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2021. Facebook, tó ti ra WhatsApp ní bílíọ̀nù 19 dọ́là láti 2014, tó sì ń jẹ́ Meta báyìí, gbé ìlànà tuntun kan jáde pé kí gbogbo wa fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì. Ariwo sọ. Àwọn ènìyàn ń fò lọ sí Signal àti Telegram, ilé iṣẹ́ náà sì sún ọjọ́ náà sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún. Ìlànà náà kò sọ pé wọ́n á máa ka ọ̀rọ̀ àwa àti ẹbí wa. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká ló dá lé, pẹ̀lú ìjíròrò wa pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tajà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ kó yéni. Wọ́n kàn ní ká fọwọ́ sí i ni. Ní Nàìjíríà, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta ní oṣù keje ọdún 2024. Lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé wọn kò jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà ní yíyàn, àti pé wọn kò ṣe é fún wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn ará ibòmíràn. Meta pẹ̀jọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí ìtanràn náà ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Nínú gbogbo ẹjọ́ yìí, kì í ṣe kíka àtẹ̀jíṣẹ́ ni ìjà dá lé. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká nìkan ti tó ohun tí wọ́n ń bu irú owó bẹ́ẹ̀ lé ènìyàn fún.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: “Ṣebí èmi àti ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ fìríìjì lórí WhatsApp, ká tó wí ká tó fọ̀, ìpolówó fìríìjì ti dé sórí Facebook mi.” Mo gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ̀rọ̀ fìríìjì, ṣé ẹ ò tíì wá iye rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ṣí ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù kan tàbí méjì? Púpọ̀ nínú irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ní kóòdù kékeré kan láti ọwọ́ Meta, tó ń ròyìn fún wọn pé lágbájá yà síbí, fìríìjì ló ń wò. Wọn kò nílò etí láti mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Ó wá kan ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Fóònù dún. Ohùn ọmọlúàbí ni.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Láti ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ jáde ilé ìwé ni. À ń kọ orúkọ fún ìpàdé Sátidé lórí Zoom, mi ò rí orúkọ tiyín.”

“Háà, mi ò mọ̀ o, ọmọ mi. Ẹ bá mi kọ ọ́.”

“Kò burú mà. Kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, nọ́ńbà mẹ́fà ni. Ẹ ṣáà bá mi kà á.”

Kóòdù wọlé lóòótọ́. Ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ti tẹ nọ́ńbà wọn sínú WhatsApp lórí fóònù tirẹ̀, WhatsApp sì ń fi kóòdù béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni síìmù pé ṣé òun ni. Màmá fi gíláàsì wọn sójú, wọ́n rọra kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe kà á tán, WhatsApp jáde lórí fóònù wọn. Kó tó di àkókò oúnjẹ alẹ́, àwọn ará ìjọ ti ń rí i lórí Status wọn pé wọ́n ní dọ́là tí wọ́n fẹ́ tà ní pọ́ọ́kú, ẹni tó bá tètè sanwó ló máa rí i rà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń san án, torí wọ́n mọ màmá sí ẹni tí kì í purọ́.

Kò sẹ́ni tó já àgádágodo kankan níbẹ̀. Olè náà kò tiẹ̀ lè ka ìjíròrò àtijọ́, torí inú fóònù màmá níbẹ̀ ni ìyẹn wà. Orúkọ wọn ló fẹ́ lò, kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà yẹn sì ti tó o.

Ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó má wulẹ̀ jókòó kó máa sunkún. Kó padà sínú WhatsApp lórí fóònù tirẹ̀, kó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kóòdù tuntun á wọlé sórí síìmù rẹ̀, kó fi wọlé. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni olè máa jáde. Bí olè bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, WhatsApp lè ní kí ó dúró fún ọjọ́ méje kó tó lè lò ó, ṣùgbọ́n olè náà kò sí nínú ilé mọ́ ní gbogbo ọjọ́ méje yẹn. Kó pe ẹbí àti ará ìjọ lórí láìnì kí wọ́n má baà sanwó fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí, kó lọ sí Settings, kó tẹ Account, kó wá Two-step verification, kó fi PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tirẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gba kóòdù SMS lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì lè wọlé láìní PIN yẹn. Ẹ bá àwọn àgbàlagbà ilé ṣe é, kí ẹ sì bá wọn kọ ọ́ síbi tí wọ́n á ti rí i. Ẹ má lo ọjọ́ ìbí wọn, Facebook ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ ti ń jò ni ẹ̀dà tí fóònù ń gbé pamọ́ lóru, èyí tí wọ́n ń pè ní Chat backup. Inú àkáǹtì Google yín ló ń lọ bí ẹ bá ń lo Android, iCloud sì ni bó bá jẹ́ iPhone. Bí ẹ ò bá fọwọ́ ara yín tan ààbò rẹ̀, ẹ̀dà yẹn kò sí lábẹ́ àgádágodo tí mo ń sọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni WhatsApp ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa láàyè láti fi páásíwọ́ọ̀dù tì í. Ó dára, mo sì ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tinú rẹ̀: bí páásíwọ́ọ̀dù bá sọ nù, tí fóònù náà sì sọ nù, WhatsApp fúnra wọn kò lè ṣí i fún yín. Fọ́tò ìsìnkú bàbá ti lọ nìyẹn. Ẹni tó máa ń gbàgbé nǹkan, kó rò ó dáadáa kó tó tan án. Ẹ sì rántí pé ọ̀rọ̀ yín wà nínú ẹ̀dà ẹni tí ẹ kọ̀wé sí náà. Bí ẹ bá ti tiyín tí tirẹ̀ wà ní ṣíṣí, ààbò ọ̀hún kò pé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ènìyàn. Ẹgbẹ́ WhatsApp lè gba ènìyàn 1,024. Àṣírí wo ló wà láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn? Bí ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ bá di ẹjọ́ lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ọlọ́pàá kò nílò ẹ̀rọ kankan láti Amẹ́ríkà. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ti yàwòrán ojú fóònù rẹ̀, ó ti gbé e lé wọn lọ́wọ́. Bákan náà ni Linked devices: ẹni tó bá gba fóònù yín ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú kan lè so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ WhatsApp yín, kó sì máa ka ohun tó ń wọlé láti ibi tó wà. Ọ̀pọ̀ ìjà tọkọtaya ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo ojú ibẹ̀ lónìí. Ohun tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ yọ ọ́.

GB WhatsApp ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó dùn. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn ka ohun tí ẹlòmíràn ti pa rẹ́, kó sì wo Status láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n WhatsApp kọ́ ló ṣe é. Àwọn tí a kò mọ̀ ló tú WhatsApp palẹ̀ tí wọ́n tún un tò bó ṣe wù wọ́n, ẹ sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ yín fún wọn láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e sórí fóònù. Èmi ò lè bá ẹni tó ń lo GB sọ̀rọ̀ ààbò, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń lò ó gan-an ló máa ń kọ́kọ́ fi irọ́ àmì pupa ránṣẹ́.

Nǹkan kéékèèké méjì kan tún wà. Bí ẹ bá fi ẹnìkan sùn nípa títẹ “Report”, iṣẹ́ márùn-ún tó kẹ́yìn tí onítọ̀hún rán sí yín á dé ọ̀dọ̀ WhatsApp, wọ́n á sì kà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Ohun tí ẹ bá sì bi Meta AI, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè nínú WhatsApp, Meta ni ẹ bi. Ìyẹn kò sí lábẹ́ àgádágodo, ẹ má lọ sọ orúkọ àìsàn yín fún un bí ẹni ń bá dókítà sọ̀rọ̀.

Àwọn kan wà tí ẹ̀rù wọn tọ́. Ní 2019, wọ́n lo ètò amí tí ilé iṣẹ́ NSO ní Ísírẹ́lì ṣe, èyí tó ń jẹ́ Pegasus, láti wọ nǹkan bí 1,400 fóònù nípasẹ̀ ìpè WhatsApp. Kò pọn dandan kí ẹni tí wọ́n pè gbé e. Oníròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ wà lára wọn, WhatsApp sì gbé NSO lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún yẹn. Àgádágodo kọ́ ni wọ́n já níbẹ̀ náà. Inú fóònù ni wọ́n wọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣí sílẹ̀ lójú ẹni tó ni ín. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń náni lówó gọbọi. Wọn kì í ná an nítorí ọ̀rọ̀ owó aṣọ ẹbí.

Èyí tó kàn ni ti àwọn tó ti jápa. Ọ̀pọ̀ wọn ló wà ní London tàbí Houston tí wọ́n ṣì ń fi nọ́ńbà Nàìjíríà lo WhatsApp, tí síìmù náà sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ní Ìlúpéjú. WhatsApp ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀ torí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lò. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìlànà NCC, láìnì tí wọn kò fi ṣe ohun tó ń mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n lè gbà kúrò, bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá sì tún kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá rà á kò ṣẹ̀, bó bá fi nọ́ńbà tuntun rẹ̀ ṣí WhatsApp, kóòdù máa wọlé fún un, WhatsApp ẹni tó wà lókè òkun á sì jáde. Ìkíni ọjọ́ ìbí, àdúrà ìyá, nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ ẹbí, ọ̀dọ̀ àlejò ni gbogbo rẹ̀ á máa lọ. Ẹ ní kí ẹnìkan nílé máa fi síìmù náà pe ìpè díẹ̀ lóṣooṣù. Bí kò bá sí ẹni tó máa ṣe é, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ wá Change number, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí nọ́ńbà ibi tí ẹ wà kí láìnì náà tó kú. Ó máa bi yín bóyá kó sọ nọ́ńbà tuntun fún àwọn ènìyàn yín, ẹ gbà fún un.